Ọwọ́ Fàrídà

Wọ́n ti sin ọmọ náà lánàá kí ìròyìn ikú rẹ̀ tó dé àdúgbò Kouloundè ní Sokodé. Làtífátù ń dirun fún oníbàárà kan lọ́wọ́ nígbà tí Àzízì, tó máa ń fi mọ́tò kó èrò láti Kambolé wá sí Sokodé, dúró níwájú rẹ̀.

"Tàtá, ọmọ ọwọ́ ìyáálé yín ti kú. Wọ́n ní kí n má tètè sọ fún yín."

"Nítorí kí ni?"

Àzízì wolẹ̀. "Nítorí Fàrídà."

Làtífátù fi irun oníirun sílẹ̀ láàbọ̀, ó bá mọ́tò Àzízì lọ sílé ọkọ rẹ̀ ní Kambolé.

Ọmọ Làtífátù ni Fàrídà, ọmọ ọdún mẹ́fà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ariwo bá pọ̀ jù, tàbí bí inú rẹ̀ bá dùn, á máa yí lójú kan, á máa gbọn ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ fò. Nígbà tí àgbàdo gbẹ lóko Àmúdà bàbá rẹ̀, wọ́n ní ọ̀nà oko ló kọjú sí tó fi yí. Nígbà tí ewúrẹ́ kú, wọ́n ní òun ló jókòó tì í. Àṣàbí ìyáálé sì búra pé òun ń gbọ́ ìró ìyẹ́ ẹyẹ lórí páànù lóru.

Inú abà iṣu ni Làtífátù ti bá a, wọ́n so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ òpó. Iwájú orí rẹ̀ ti wú. Jọkẹ́, ẹ̀gbọ́n Fàrídà, sáré wá.

"Màmá, mo tú u, Bàbá nà mí. Bí wọn ò bá jẹ́ kó yí, orí ló ń fi gbá òpó."

"Ìgbà wo ni wọ́n ti dè é?"

"Kí ara ọmọ Màmá Àṣàbí tó gbóná."

Làtífátù kọjú sí Àṣàbí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà abà. "Ìyáálé mi, inú okùn ló wà nígbà tí ọmọ yín ṣàìsàn. Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?"

"Ara rẹ̀ ló wà nínú okùn," ni Àṣàbí wí. "Ṣé ẹyẹ ń bèèrè ìlẹ̀kùn ni?"

Àfáà Àlàsàn ti fọ ọ̀rọ̀ Kùránì tó kọ sára wàláà sínú abọ́. Ẹni tó bá mu omi náà, tí ọwọ́ rẹ̀ kò mira títí àdúà fi parí, ó mọ́. Gbogbo agbo ilé ló mọ̀ pé Fàrídà kò lè ṣe é. Nítorí náà ni wọ́n ṣe yan ìdánwò yìí.

"Ẹ jẹ́ kí n pọ̀n ọ́n," ni Làtífátù bẹ̀bẹ̀.

Ó tú u, ó gbé e pọ̀n, ó fa ọ̀já náà le ju bí a ti ń fà á fún ọmọ ọwọ́ lọ, torí ó mọ̀ pé ohun tó bá fún un mọ́ra ló ń mú ara rẹ̀ rọlẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Fàrídà mu omi náà tán. Àfáà ṣe àdúà, ó mọ̀ọ́mọ̀ fà á gùn. Ọwọ́ méjèèjì wà lọ́rùn ìyá rẹ̀, kò mira.

"Alihamudulillahi," ni ẹnì kan wí. "Ọmọ yìí mọ́."

Àṣàbí bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ò ríran ni? Ìyá rẹ̀ ló dá ọwọ́ náà dúró. Ta ló wá ń rán an?"

Àwọn obìnrin tó jókòó nítòsí Làtífátù fa ẹní wọn sẹ́yìn.

Àmúdà kò wo ojú rẹ̀. "Fi í sílẹ̀ fún Àfáà, kó wà nínú okùn títí ẹyẹ yẹn á fi jáde. Bí o bá gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà, má padà wá. Jọkẹ́ kò sì ní tẹ̀ lé ọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Jọkẹ́, ẹ̀yin lẹ bí àwọn méjèèjì."

"Mo ti sọ̀rọ̀."

Jọkẹ́ ti di ìró ìyá rẹ̀ mú. "Màmá, mo ti wọ bàtà."

Làtífátù tú ìka rẹ̀ kúrò lára ìró náà, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Jọkẹ́, Fàrídà ni mo mú. Ìwọ ni mo fi sílẹ̀."