Kòtò Tí Kò Tíì Gbẹ

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, jókòó díẹ̀. Bí o bá ń kánjú, ìwọ gan-an ni mo ń bá wí.

Ọkùnrin kan wà ní Itagunmodi, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Ajíbóyè ni orúkọ rẹ̀. Oko kòkó ni bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kòkó ń fẹ́ sùúrù, Ajíbóyè kò sì ní in. Iṣu tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dúró kí ó gbó, tirẹ̀ ti wà lórí iná. Ìdí nìyí tí ó fi pa oko tì, tí ó ń wa wúrà. Yóò walẹ̀ láàárọ̀, yóò fi igbá ṣan yẹ̀pẹ̀ lódò lọ́sàn-án, nígbà tí yóò bá fi di ìrọ̀lẹ́, wúrà ti di ẹmu àti ẹran ìgbẹ́.

Ohun tí ó bá dùn, kíá ni Ajíbóyè ń ṣe é. Èyí tí ó bá yẹ, ó di ọ̀la. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ó ti ń sọ pé òun yóò gé igi tí òun máa fi ti ẹ̀gbẹ́ kòtò òun. Àdá wà nílé, igi kún inú igbó, ọ̀lẹ kọ́ sì ni. Ọ̀la ni kò tán lẹ́nu rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ń ṣe sí Ọlọ́run. Olúwadára, àgbẹ̀ olóbì tí wọ́n jọ dàgbà, a máa yà sọ́dọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀.

"Ajíbóyè, ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ ńkọ́?"

"Mo gbọ́, ọ̀rẹ́ mi. Jẹ́ kí n jayé díẹ̀ ná. Bí mo bá kọ́lé tán, ìwọ fúnra rẹ ni o máa mú mi lọ bá àlùfáà."

"Ta ló sọ fún ọ pé o máa kọ́lé tán?"

"Má gégùn-ún fún mi o!" Ajíbóyè rẹ́rìn-ín, ó sì bu ẹmu sí i.

Nínú oṣù Òkúdù ọdún 1968, òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Àwọn awakùsà ibẹ̀ ní òfin kan tí kò sí nínú ìwé. Bí òjò ńlá bá rọ̀, àgbà wọn yóò fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ara kòtò kọ̀ọ̀kan. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá tutù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò dá, baba náà tẹ ara kòtò Ajíbóyè, omi sì ń kán ní ìka rẹ̀.

"Ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́rin," ni ó wí, ó sì kọjá sí òmíràn.

Ṣùgbọ́n òjò ti fọ ìsàlẹ̀ kòtò, Ajíbóyè sì rí nǹkan tí ń tàn níbẹ̀. Ojú rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ọjọ́ mẹ́rin kẹ̀?

Àjàgbé, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ni ẹnì kejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Òun ni ó máa ń dúró lókè fi okùn fa garawa yẹ̀pẹ̀ jáde. Ó ní, "Ajíbóyè, baba ní ká dúró."

"Baba ti darúgbó, kò sí ohun tó ń kán an lójú mọ́. Garawa méjì péré. Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?"

Ojú ti Àjàgbé. Ó mú okùn, Ajíbóyè sì sọ̀kalẹ̀ wọ kòtò.

Garawa kìn-ín-ní gòkè. Èkejì gòkè. "Ẹyọ kan sí i!" ni Ajíbóyè kígbe. Ó gbọ́ tí ilẹ̀ kérora. Kí ó tó gbójú sókè, ẹ̀gbẹ́ kòtò ti ya, ilẹ̀ tí Àjàgbé dúró lé sì ya sínú kòtò pẹ̀lú rẹ̀.

Yẹ̀pẹ̀ bo Ajíbóyè dé ọrùn. Kò lè gbé ìka kan. Àjàgbé wà lábẹ́ yẹ̀pẹ̀, nítòsí rẹ̀, ó ń ké: "Ajíbóyè! Ajíbóyè! Gbà mí!" Nígbà tí yóò pè é lẹ́ẹ̀kẹta, orúkọ náà kò parí lẹ́nu rẹ̀.

Hàà, ẹ̀rù! Bí Ajíbóyè bá ti mí síta, yẹ̀pẹ̀ a tún fún un mọ́ra sí i. Kò lè pariwo. Ó mọ̀ pé òun ń lọ síwájú Ọlọ́run, ẹ̀jẹ̀ ọ̀rẹ́ òun sì wà lọ́rùn òun. Ó wá ọ̀la, kò rí i.

"Jésù," ni ó sọ wúyẹ́wúyẹ́, "èmi ni mo pa á. Wọ́n ní kí n dúró, n kò gbọ́. Ìwọ náà pè mí títí, n kò jẹ́. Ṣàánú mi báyìí."

Baba tí ó tẹ ara kòtò ń padà bọ̀ láti ibi òmíràn, ó sì rí i pé ilẹ̀ ti ya. Ó figbe ta. Olúwadára àti àwọn ará oko sáré dé, wọ́n fi ọwọ́ wa ilẹ̀. Wọ́n yọ Ajíbóyè láàyè. Wọ́n yọ Àjàgbé náà, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ti bọ́.

Ajíbóyè di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. "Olúwadára, ṣé Jésù lè gba irú mi?"

"Irú wa ni ó kú fún. Èmi náà kò mọ́ jù ọ́ lọ."

Nínú ẹrọ̀fọ̀ níbẹ̀ ni Ajíbóyè ti fi ayé rẹ̀ fún Olúwa, tẹkúntẹkún.

Àwọn ènìyàn ní, "Sinmi. Bó bá dọ̀la, o lè lọ kí ìyá Àjàgbé." Ajíbóyè dìde. Ó bá òkú wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹrẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Àpìkẹ́, ìyá Àjàgbé.

"Màmá, kí ẹnikẹ́ni má parọ́ fún yín. Ọmọ yín fẹ́ dúró. Èmi ni mo fi í ṣẹ̀sín tó fi mú okùn."

Igbe tí obìnrin náà ké, Ajíbóyè kò gbàgbé rẹ̀ títí dòní. Ọdún méjì ni obìnrin náà kò fi dá a lóhùn bí ó bá lọ kí i. Ọlọ́run ti dárí jì í, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n Àjàgbé kò padà wá.

Ìwọ tí ń kà á ńkọ́? Láti ìgbà wo ni o ti ń dá ọjọ́ fún Olúwa? Ta ni ó sì di okùn mú lókè kòtò nítorí rẹ? Ṣé ìyàwó rẹ ni, àbí ọmọ tí ń wo ohun tí o ń ṣe?

Má ṣe pa ìwé yìí dé kí o tó gbàdúrà. Ibi tí o wà yẹn, bóyá ìsọ̀ ni, bóyá inú ọkọ̀, ké pe Jésù, kí o sì jáwọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà tí o mọ̀ lórúkọ. Yóò gbà ọ́. Ajíbóyè rí àyè ké pè é nítorí pé yẹ̀pẹ̀ dúró ní ọrùn rẹ̀, kò dé ẹnu. Ta ló wá sọ fún ọ pé tìrẹ máa dúró ní ọrùn?