Ọkọ Inú Ilé Rosmaniar

Ọ̀bọ Syafril ló bá a fojú kan ìyàwó. Orí igi àgbọn ló wà, ó ń já èso fún olówó rẹ̀ nísàlẹ̀, ló bá ju ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin tó ń sá aṣọ.

"Ta ló ni ọ̀bọ yìí?"

"Èmi ni."

"Ìyá mi ló ni àgbọn, òun ló ni ilẹ̀. Ìwọ àti ọ̀bọ rẹ wá fẹ́ pa mí sórí rẹ̀."

Rosmaniar lorúkọ rẹ̀. Ìfẹ́ rẹ̀ wọ Syafril lára lọ́jọ́ náà, kò sì jáde mọ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ ní í kó lọ bá ìyàwó. Ìdílé ìyá ló ni ilé, ló ni oko, ló ni ọmọ. Ọkùnrin kì í sọ pé "ilé mi"; "ilé ìyàwó mi" ní í wí. Ọdún mọ́kànlá ni Syafril fi wí bẹ́ẹ̀, kò sì dùn ún. Bó bá fi ṣàwàdà, Rosmaniar á ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ fi ọ̀rọ̀ ilé sílẹ̀. Èmi ni mo ni yín. Ṣé ìyẹn ò tó ni?"

Ó tó, ó tún ṣẹ́kù.

Àfi bí ibà ṣe dé. Ọjọ́ mẹ́rin péré, Rosmaniar ti lọ.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ìyá olóògbé pe àna rẹ̀ jókòó. Ó ní ọkùnrin kì í gbé ilé ìyàwó tí kò sí mọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà fi ọ̀nà kan sílẹ̀: kí wọ́n pààrọ̀ ẹní, kí Syafril fẹ́ Yusneli, àbúrò olóògbé, kó lè máa bá Marni ọmọ rẹ̀ gbé.

Syafril wo Yusneli. Ọmọbìnrin náà dorí kodò, omijé ń kán sí i lọ́wọ́. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ó ní àfẹ́sọ́nà kan tó ń dúró dè é ní ìlú Padang.

"Màmá, mi ò lè ṣe é. Ọmọ tí mo gbé pọ̀n ni."

"A jẹ́ pé ẹ ó máa lọ nìyẹn, Bàbá Marni."

Ọkàn Syafril dàrú. Ó ní ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo lòun ní: bí òun bá kú, kí wọ́n sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ Rosmaniar.

Ìyá náà bú sẹ́kún. Ọkùnrin tiwa, ilẹ̀ ìdílé ìyá tó bí i ni wọ́n ń sin ín sí.

"Bó bá jẹ́ tèmi nìkan ni, ǹ bá fún yín. Ilẹ̀ ìdílé ni, kì í ṣe tèmi nìkan."

Syafril di ẹrù rẹ̀. Àpò kan péré ni. Bó ṣe dé àtẹ̀gùn, Marni, ọmọ ọdún mẹ́jọ, gbé tíì wá fún un nínú ife tí wọ́n fi ń ṣàlejò. Ó gbà á, ó mu ún, ó dúpẹ́. Ó wá bi í bóyá òun lè máa wá kí i ní ọjọ́ Jímọ̀.

Ọmọ náà gba ife lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màá bá yín bi Màmá Àgbà."