Àmì Tó Wà Lára Òpó Kejìlá

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Honorine fúnra rẹ̀ ló sọ apá kan fún mi, Firmin ló sọ ìyókù, àwọn méjèèjì kò sì bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi. Abà náà ṣì dúró lábúlé wa, ní Nọ́máńdì. Mo ti gun orí àkàbà, mo ti ki ìka bọ inú àmì náà. Ó tutù.

Káfíńtà ni Anthime, ọkọ Honorine. Káfíńtà ni Eustache, bàbá Anthime. Lọ́dún 1943, Anthime gé igi óákù mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó fẹ́ fi kọ́ abà sẹ́yìn ilé wọn. Ó gbẹ́ ihò sí ibi tó yẹ, ó gbẹ́ ahọ́n tí yóò wọnú ihò sí ẹnu igi, ó sì fi irin gé nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ahọ́n lè mọ ihò tirẹ̀. Nọ́ńbà Róòmù ni àwọn káfíńtà wa ń gé sára igi, nítorí ilà gbọọrọ ni gbogbo rẹ̀. Irin ìgbẹ́gi kì í fẹ́ láti yípo.

Kò tíì gbé ẹyọ igi kan dúró tí àwọn ará Jámánì tó gba ilẹ̀ wa nígbà ogun fi kó o lọ síṣẹ́ tipátipá, òun àti àwọn ọ̀dọ́kùnrin yòókù. Lẹ́nu ọ̀nà, gbólóhùn kan ló sọ fún ìyàwó rẹ̀.

"Má jẹ́ kí wọ́n da àwọn igi yẹn rú o."

Ogun parí. Àwọn kan padà wálé. Anthime kò padà. Lẹ́tà kò dé. Òkú kò dé. Ọdún mẹ́sàn-án kọjá lẹ́yìn tí wọ́n mú un lọ, àwọn igi wà nílẹ̀ lábẹ́ ìbòrí bí ó ṣe tò wọ́n, wọ́n ń gbẹ, àwọ̀ wọn ń di ti eérú.

Firmin ń sin màlúù ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Ìyàwó tirẹ̀ ti kú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ọdún mẹ́ta ló fi ń bi Honorine léèrè ọ̀rọ̀ kan náà, ọdún mẹ́ta ni Honorine fi ń fún un ní ọtí ápù mu dípò ìdáhùn. Ìwé kan wà ní kóòtù ìlú. Bí Honorine bá fọwọ́ sí i, òfin á ka ọkọ rẹ̀ sí òkú, á sì lè fẹ́ ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ kan nígbà ìrúwé, Honorine wò yí ká, ó rí i pé òun ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

"Bí abà Anthime bá dúró," ni ó sọ fún Firmin, "n óò fọwọ́ sí i."

"Ta ni yóò ka àwọn nọ́ńbà náà? Bàbá ò ríran mọ́."

"Èmi ni n óò kà wọ́n."

Òótọ́ ni, Eustache ti fọ́jú. Inú ìka ni ojú rẹ̀ wà. Orí tábìlì ìdáná ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Honorine ní nọ́ńbà, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, pẹ̀lú pákó kan, òòlù onígi kan, àti irin kan tó mú.

"Gé mẹ́sàn-án fún mi."

Honorine gé e. Bàbá fi ìka tọ ojú ilà náà.

"Kí nìyí?"

"Mẹ́sàn-án ni, Bàbá. IX."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Tíṣà wa ni."

Eustache yí pákó náà sódì, ó tì í padà síwájú rẹ̀. "Kà á."

Honorine wò ó. Ó ti di XI.

"Mọ́kànlá."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Tíṣà kì í yí ìwé sódì. Igi máa ń yí, ìyàwó. Wàá gbé mẹ́sàn-án kúrò nílẹ̀, á dókè, á di mọ́kànlá, òrùlé á wó lu màlúù ẹni ẹlẹ́ni."

"Báwo wá ni kí n ṣe é?"

"Márùn-ún, kí o to ẹyọ mẹ́rin tẹ̀ lé e. VIIII. Mẹ́rin náà, ilà mẹ́rin ni, má fi ẹyọ kan síwájú V fún mi. Àwọn tíṣà ló ń fi ẹyọ kan síwájú kí wọ́n lè yọ ọ́ kúrò. Àwa kì í yọ. Ẹni tó bá wà, a kà á ni."

Honorine ń gé VIIII títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó.

Bàbá kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. X àkọ́kọ́ tó gé, Eustache fọwọ́ pa á, ó bú sẹ́rìn-ín. "Èyí dà bí ẹsẹ̀ Firmin nígbà tó bá ń ti ọjà bọ̀."

"Bàbá, ẹ fi Firmin sílẹ̀."

"Mo fi í sílẹ̀. Ìwọ ni o ò fi í sílẹ̀."

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn, ó mú bàbá lọ sábẹ́ ìbòrí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn igi náà fúnra rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti rí ohun tí kò rí rí. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ wà lára wọn. Gbogbo V tí Anthime gé ní ìrù. Irin rẹ̀ máa ń kọjá díẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí ilà méjèèjì ti pàdé, á sì yọ ìrù tín-ín-rín kan sápá òsì.

"Mo nà án nítorí ìrù yẹn," ni Eustache wí. "Kò gbọ́. Ilà mẹ́ta ló sì máa ń gé lẹ́ẹ̀kan. Kó, kó, kó. Á dúró, á fẹnu fẹ́ èérún dànù, á tún bẹ̀rẹ̀."

"Mo rántí."

Ó rántí dáadáa. Ìyẹn ló máa ń gbọ́ láti ìdáná láyé ọjọ́un, tí yóò sì mọ̀ pé ọkọ òun wà nílé. Kó, kó, kó. Á pa kẹ́kẹ́. Ó gbìyànjú láti gé ìrù yẹn sára pákó. Kò ṣeé ṣe. Ó gbìyànjú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Ìrù tirẹ̀ ń fọ́ pákó ni. Nígbà mìíràn, bí Eustache bá sùn lọ́sàn-án, á lọ jókòó láàárín àwọn igi náà, á ki ìka bọ inú nọ́ńbà kan, kò ní ṣe nǹkan mìíràn.

Ní ìparí oṣù kẹwàá, àwọn ará abúlé péjọ, wọ́n gbé abà dúró. Ẹṣin Firmin ló ń fa okùn. Honorine dúró láàárín, ó ń kígbe nọ́ńbà, àwọn ọkùnrin sì ń gbé èyí tó bá pè. Kò ṣìnà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ahọ́n kọ̀ọ̀kan wọnú ihò rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ti pé sókè. Honorine gun àkàbà, ó ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí igi tó ṣẹ́ kù. Kò sí ihò tó ṣófo.

"Ó pé," ni Firmin wí.

"Ó pé."

"Kóòtù ní Ọjọ́bọ̀ ńkọ́?"

Honorine wo àwọn òpó náà. "Ọjọ́bọ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kùrukùru bo gbogbo oko. Ẹyẹ kò ké. Màlúù kò dún. Honorine mú ìgbálẹ̀ lọ sínú abà.

Èérún igi wà nílẹ̀ nídìí òpó kejìlá.

Kò pọ̀. Ó tó ẹ̀kúnwọ́ kan. Ṣùgbọ́n funfun ni. Àwọ̀ igi abà náà ti di ti eérú láti ọdún mẹ́sàn-án, èérún yìí sì funfun bí inú búrẹ́dì. Honorine gbé àkàbà. Ó gùn ún díẹ̀díẹ̀.

Ihò kan wà lókè òpó náà, lápá ọ̀tún. Ihò tó mọ́, tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún régé. Àná, ọwọ́ rẹ̀ ti gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Pẹlẹbẹ ló wà nígbà náà, kò sí ihò. Lábẹ́ ihò náà ni wọ́n gé nọ́ńbà sí: XXXV, márùndínlógójì.

V náà ní ìrù.

Ó ki ìka bọ inú ìrù náà. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀, ó kó èérún náà, ó sì gbé e lọ bá Eustache lórí ibùsùn. Bàbá fi ọwọ́ pa á. Ó gbé e sí imú.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Lára òpó kejìlá."

"Òpó kejìlá ti gbẹ. Omi wà lára èyí. Gbóòórùn rẹ̀. Igi tí wọ́n gé lánàá ni."

"Bàbá, nọ́ńbà wà níbẹ̀. XXXV."

Eustache gbé èérún náà sílẹ̀. 

"Ó ní ìrù?"

"Ó ní ìrù."

Firmin wá lọ́sàn-án. Ó gun àkàbà, ó sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti le.

"Honorine, ta ló mọ nọ́ńbà yìí gé lábúlé yìí?"

"Èmi àti Bàbá."

"Bàbá lè gun àkàbà?"

"Kò lè gùn ún."

"Ó dáa. Bí o ò bá fẹ́ fẹ́ mi, sọ ọ́. Má fi irin sọ ọ́."

"Èmi kọ́, Firmin. Mi ò mọ ìrù yẹn í gé. Ì bá wù mí kí n mọ̀ ọ́n gé."

Firmin wò ó. Ó rí i pé kò purọ́, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ.

"Ibi tí ihò bá wà, igi ń bọ̀ níbẹ̀," ni Eustache wí nígbà tí Firmin lọ. "Bí o bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òjò á wọnú òpó."

Honorine bá gé igi tuntun tí yóò wọ ihò náà fúnra rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà á. Ọjọ́bọ̀ kọjá lórí rẹ̀, kò lọ sí kóòtù. Bàbá jókòó tì í, ó ń fi ìka wọn ahọ́n náà, ó ń sọ pé kó dín in, pé kó tó. Nígbà tó ṣe tán, ó gé XXXV sí i lára, V tí kò ní ìrù. Ó fi okùn fà á gòkè. Kò nílò òòlù. Ahọ́n náà wọlé bí ọwọ́ ṣe ń wọnú ìbọ̀wọ́. Ó sọ fún mi pé, nígbà tó wọlé tán, òun gbé etí lé òpó náà, òun kò mọ ohun tí òun ń retí láti gbọ́. Òun sunkún níbẹ̀. Kì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́. Ó ti pẹ́ jù tí òun àti ọkọ òun ti ṣe nǹkan pọ̀ gbẹ̀yìn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Firmin dé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ó ti fá irùngbọ̀n. Ó wọ ẹ̀wù dúdú tó wọ̀ níjọ́ tó sin ìyàwó rẹ̀. Honorine ti múra, ó ti dé fìlà. Ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ wà nínú báàgì. Eustache ní kí wọ́n gbé àga òun sí ẹnu géètì, òun fẹ́ sìn wọ́n. Kùrukùru ọjọ́ yẹn nípọn débi tí wọn kò fi rí abà láti géètì.

Honorine gbé ẹsẹ̀ kan sórí kẹ̀kẹ́.

Kó, kó, kó.

Ó dúró.

Kẹ́kẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà gùn tó ìgbà tí èèyàn lè fi fẹnu fẹ́ èérún igi dànù.

Kó, kó, kó.

"Ẹyẹ àkókó ni," ni Firmin wí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Gòkè wá."

Honorine gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sílẹ̀. Ó rìn wọ inú kùrukùru náà. Kò sáré. Ó ní òun bẹ̀rù pé bí òun bá sáré, ohun náà á lọ.

Ìró náà dákẹ́ bí ó ṣe fọwọ́ kan ilẹ̀kùn abà. Kò sẹ́ni nínú. Àkàbà wà níbi tó fi í sí. Òórùn igi tútù kún ibẹ̀. Ó rìn dé abẹ́ òpó kejìlá, ó gbójú sókè. Lára igi tí òun fúnra rẹ̀ gé, ihò mìíràn ti wà. Wọ́n ti gé XXXV sábẹ́ rẹ̀, àyè sì wà lẹ́yìn V náà fún ilà kan tí wọn kò tíì gé, èyí tí yóò sọ ọ́ di XXXVI.

"Anthime?"

Ó gbé ọwọ́ lé òpó náà.

"Mélòó ló kù?"

Ó dúró. Ó ń gbọ́ èémí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, èérún igi kan já bọ́ láti òkè, ó ń yí wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ eérú yẹn, ó sì bà lé e léjìká.

Firmin ní ó pẹ́ kí Honorine tó jáde. Nígbà tó jáde, kò sí fìlà lórí rẹ̀ mọ́. Ó dúró síbi tí kùrukùru ti parí, kò sún mọ́ wọn.

"Máa lọ, Firmin. Igi kan ló kù."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

Honorine wò ó pẹ̀lú àánú. Ó yí padà, ó wọlé. Wọ́n gbọ́ tí ilẹ̀kùn abà pa dé.

Firmin kò lè tú ẹṣin. Kò lè dà á lọ. Ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́, Eustache wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ lórí orúnkún. Nígbà tó yá, ìró bẹ̀rẹ̀ nínú kùrukùru. Kó, kó, kó. Ó dákẹ́. Òmíràn gbà á, ó rọra ju ti ìṣáájú lọ, bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Èkíní dúró dè é kó parí. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

"O gbọ́?" ni Eustache wí.

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Etí mi ti ń lọ bí ojú mi. Sọ fún mi. Òòlù mélòó ni?"

Firmin fa ìjánu ẹṣin. Ọwọ́ rẹ̀ tutù.

"Ọ̀kan ni, Bàbá," ni ó wí.

Irọ́ ló pa. Ogún ọdún lẹ́yìn náà ló jẹ́wọ́ rẹ̀ fún mi. Ó ní òun kò mọ ìdí tí òun fi pa á, àti pé Eustache kàn mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó yí etí rẹ̀ sápá abà, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.