Àjà Mọ́tò Àlàájì Bàdírù

Ọkọ̀ ojú omi ni Waliyah kọ́kọ́ pè é. Ó gbójú sókè níbi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní Ìgbògbò, ó rí pikọ́ọ̀pù kan tó ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ bọ̀ nínú ẹrẹ̀. Ọkùnrin gíga kan jókòó sínú nǹkan funfun kan lẹ́yìn rẹ̀, ó di etí nǹkan náà mú bí ẹni tó ń bá ìgbì jà. Ìgbà tí pikọ́ọ̀pù dúró ló tó rí i pé òrùlé mọ́tò ni, wọ́n yí inú rẹ̀ sókè.

"Ẹ kú ewu ọkọ̀ o," ó ní. "Àjẹ̀ yín dà?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, eruku fóòmù kún irun rẹ̀. "Ó já bọ́ ní Agbowa. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, mo fọwọ́ wà á dé ibí."

Salman ni orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Àlàájì Bàdírù, tó ti ta ẹja yíyan títí ní Ọjà Olúwo, ló ni mọ́tò náà: Mẹ́sídíìsì àtijọ́, ìjókòó méjì péré, tí òrùlé rẹ̀ ṣeé yọ bí ọmọrí ìkòkò. Òrùlé ti dípẹtà létí, aṣọ àjà rẹ̀ ti já, fóòmù abẹ́ rẹ̀ sì ń dà sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Àlàájì ò mọ̀ pé ọmọ òun ti gbé e jáde.

"Àìsàn ọkàn ń ṣe bàbá mi, kì í jáde nílé mọ́," ni Salman wí. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Mo fẹ́ kó tún jókòó sínú rẹ̀ kó tó lọ."

Waliyah ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ àjà àti ìjókòó mọ́tò ló ń ṣe, òun náà sì ti sin bàbá tirẹ̀.

Ọjọ́ tí Salman bá ráyè, ó ń wá, ó ń fi sáńpépà ha ìpẹtà, Waliyah ń rán aṣọ tuntun.

"Ẹ rọra o! Kì í ṣe ẹja lẹ ń họ ìpẹ́ rẹ̀."

"Ọwọ́ ẹja náà ni mo ní. Ṣé ẹ máa gbà á bẹ́ẹ̀?"

Ìlà tí Waliyah ń rán wọ́, ó ní láti tú u.

Lára aṣọ ògbólógbòó náà, lókè ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, àmì dúdú kan wà, ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, ó ń rùn bí àdí àgbọn. Waliyah rò pé ọwọ́ mẹkáníìkì ni. Aṣọ náà ti bu. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ sì ti kọ́ ọ pé, tí o bá ti fi aṣọ àtijọ́ gé tuntun tán, sun ún, kó má baà ran tuntun. Ó sun ún.

Nígbà tí Salman àti Waliyah gbé òrùlé dé Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n sì dé e padà sórí mọ́tò, Salman ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé Waliyah ni ìyàwó tí òun rí. Àlàájì fi ọ̀pá tẹlẹ̀ jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wọ inú mọ́tò, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó ń fi pa àjà káàkiri. Ẹ̀rín náà kú.

"Àmì yẹn dà?"

"Àmì wo, Bàbá?"

"Àmì orí ìyá rẹ."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀. Àsíátù, ìyàwó rẹ̀, ga. Bó bá ti wọ mọ́tò náà, orí rẹ̀ tó fi àdí pa a máa kan àjà. Láti ìgbà tó ti kú ni Àlàájì ti ń dá lọ jókòó síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tó ń gbé ọwọ́ lé àmì náà, títí àìsàn fi dá a dúró sílé.

Salman ṣí ẹnu láti gba ẹ̀bi náà rù, àmọ́ Waliyah ti kúnlẹ̀. "Èmi ni mo sun aṣọ náà, Bàbá. Mi ò mọ̀."

"Ẹ ti pa á lẹ́ẹ̀kejì," ni bàbá wí. "Salman, mú ọmọ yìí padà síbi tó ti wá."

Ní Ìgbògbò, Salman bẹ Waliyah pé kí wọ́n ṣe ìgbéyàwó nìkáà láìdúró de bàbá. Waliyah kọ̀. "Mi ò lè fi omijé bàbá rẹ wọlé ọkọ."

Òjò rọ̀, ó dá. Ìròyìn dé pé Àlàájì ò jẹun dáadáa mọ́. Waliyah di irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ sí Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀.

"Mi ò wá bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ, Bàbá. Mo wá tú aṣọ yìí kúrò, kó má baà máa rán yín létí."

Ó wọ inú mọ́tò, ó na ọwọ́ sí etí aṣọ. Àlàájì ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà.

"Dúró," ló sọ. "Ó mọ́ jù, òun ló ń dùn mí." Ó súnmọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. "Kí lo fi ń pa orí?"

"Àdí ni, Bàbá."

"Fi orí kàn án."

Waliyah nà títí, kò kàn án.

"O kúrú!" ni bàbá wí. Ó bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń ṣàn lójú rẹ̀. "Salman! Gbé tìmùtìmù wá fún ìyàwó rẹ!"

Nígbà tí orí rẹ̀ kàn án, Àlàájì na ọwọ́, ó tọ́ ibẹ̀ wò. "Kò lè dà bíi tirẹ̀," ló ní. "Kó jẹ́ tìrẹ."

Àlàájì kú kí ọjọ́ nìkáà tó pé. Wọ́n so yìgì náà ní ìdákẹ́jẹ́, kò sí ẹni tó jó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Salman àti ìyàwó rẹ̀ wa mọ́tò náà lọ sí etí ọ̀sà. Waliyah wà lórí tìmùtìmù. Salman rí i pé àmì kékeré kan ti ń yọ lára àjà. Ó na ọwọ́ sókè, ó fẹ́ gbé e lé e bí bàbá rẹ̀.

Waliyah gbá ọwọ́ náà mú. "Mo ṣì wà níbí," ó ní.

Ó fà á sọ̀kalẹ̀, ó gbé e lé irun orí tirẹ̀.