Ọjọ́ Tí Agbèrò Gba Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Màmá Bọ́látitó

Aago mẹ́wàá ku díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ilé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó kọjú sí gáréèjì Ọ̀rẹ̀ ti kún bámúbámú. Ọ̀kadà ló kó àwọn àgbẹ̀ náà wá láti Àgọ́ Aláyè àti Aráròmí-Obu. Àwọn kan tilẹ̀ wọ aṣọ Jímọ̀, bẹ́ẹ̀ ojú Màmá Bọ́látitó nìkan ni kọ̀ǹpútà máa gbé dé ìlú òyìnbó!

Màmá yìí ló mọ kòkó bò jù nínú wọn. Sáà mẹ́ta ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe kòkó tó dáa, tí àwọn oníṣòwò sì ń dà á pọ̀ mọ́ èyí tó ti bu. Ní báyìí, àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì ní Bẹ́ljíọ̀mù fẹ́ rà á lọ́wọ́ wọn tààrà. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: kí wọ́n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lẹ́nu àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí wọn ò bá gbọ́, wọ́n á kọjá sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn.

Yàrá ò gba gbogbo èèyàn. Oyèlọlá, alága ẹgbẹ́, ní, "Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kòkó délé fún ẹnikẹ́ni níbí. Gbogbo wa la máa fetí ara wa gbọ́ ọ."

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ni Saheed, tó ń ṣiṣẹ́ ní gáréèjì, bá mú sípíkà kékeré kan tí kì í lo wáyà wá. Ó so ó pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì gbé e kọ́ sára igi níta, kí àwọn tí yàrá ò gbà lè gbọ́ lábẹ́ ibẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un!

Ìpè wọlé. Lawrence, ọmọ Odígbó tó ń bá àwọn òyìnbó náà ṣiṣẹ́, yọjú. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà!" Igbe ayọ̀ sọ lábẹ́ igi.

Màmá tún gèlè ṣe. "Ẹ káàárọ̀, ọmọ mi. Èmi ni..."

"Màmá, a ń rí ẹnu yín, a ò gbọ́ ohùn yín."

Màmá gbóhùn sókè. Oyèlọlá náà pariwo. Saheed fọwọ́ gbá kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń jí awakọ̀ tó sùn. Pàbó!

Àyà Màmá já. "Ṣé bí kòkó mi ṣe máa lọ náà nìyí?"

Saheed rí nọ́ńbà kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní àwọn ń tún máìkì ṣe láti ọ̀nà jíjìn. Ó pè é. Ọkùnrin kan gbé e kíákíá. "Máìkì yín ti kú. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà fóònù alága. Kóòdù kan máa wọlé síbẹ̀, ẹ kà á fún mi kí n fi jí i."

Oyèlọlá ti fún un ní nọ́ńbà, kóòdù ti wọlé, ó ti gbé awò ojú wọ̀!

"Ẹ má kà á o, bàbá!" Hafeezah ló sáré wọlé. Ariwo wọn ló gbé e wá láti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń kọ́ èèyàn ní kọ̀ǹpútà. Ó wo fóònù náà. "Kóòdù báńkì lèyí! Ta ló ń fi kóòdù báńkì tún máìkì ṣe? Ẹ pa ìpè yẹn!"

Oyèlọlá pa á. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún.

Hafeezah jókòó. "Ẹ wo àwòrán máìkì yìí. Bí ìlà bá gba orí rẹ̀ kọjá, ẹ ti pa á nìyẹn. Kò sí ìlà. Áàpù náà sì ti gbàṣẹ láti lo máìkì." Ó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Lawrence, ó bi í pé kí ló ń gbọ́ gan-an.

Lawrence bú sẹ́rìn-ín. "Ẹnì kan ló ń pariwo pé, 'Bìní, ó ku ẹnì kan!' Ewúrẹ́ kan náà ń ké."

Hafeezah wo ojú fèrèsé. Sípíkà ń mì dirodiro lára igi. "Háà! Sípíkà yìí ní máìkì tiẹ̀ nínú. Bí ẹ ṣe so ó pọ̀, kọ̀ǹpútà rò pé ibẹ̀ lẹ ti fẹ́ máa sọ̀rọ̀. Máìkì ò kú rárá, ìta ló wà!"

"Ẹ gbà mí o," ni Màmá wí, "agbèrò ló ń bá mi ná kòkó!"

Hafeezah ṣí ibi ètò ohùn, ó yan máìkì inú kọ̀ǹpútà dípò ti sípíkà. Ó fi sípíkà sílẹ̀ fún gbígbọ́ nìkan. "Ó yá, Màmá."

"Ẹ̀yin ará ọ̀hún, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Ketekete, Màmá!"

Ọ̀rọ̀ wá ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà lòun fi ń bo kòkó mọ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, òun a sì máa yí i. Òyìnbó kan ní kí Lawrence béèrè bó ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó.

"Imú mi ló ń sọ fún mi. Ẹ wá gbóòórùn rẹ̀ fúnra yín."

Àwọn òyìnbó sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn. Lawrence yíjú padà. "Wọ́n ní àwọn ń bọ̀, Màmá. Wọ́n ní kí ẹ má ta ti sáà yìí fún ẹlòmíì!"

Ariwo ayọ̀ tó sọ lábẹ́ igi pọ̀ débi pé èrò ọkọ̀ Bìní sọ̀ kalẹ̀ wá wòran. Màmá ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Ẹ̀yin ará wa, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí wọn ò bá gbọ́ yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ẹ wò ó bóyá ẹ ti pa máìkì, àti bóyá áàpù náà láṣẹ láti lò ó. Bí ẹ bá so sípíkà tàbí ohun ìgbọ́hùn etí pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ yan máìkì tó wà níwájú yín. Bí kò bá tíì ṣiṣẹ́, ẹ pa kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ tún un tàn. Kóòdù tó bá wọ fóònù yín, ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni, ì báà ní òun fẹ́ ràn yín lọ́wọ́. Kí ọjọ́ ìpè tó pé, ẹ dán ohùn yín wò pẹ̀lú ẹnì kan, kí agbèrò má bàa bá yín ta kòkó yín.