Ìpínrọ̀ Kẹsàn-án

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Ledum, lọ́yà tí wọ́n ní ilé-iṣẹ́ epo rán wá, ọ̀rọ̀ gbígbóná ni mo fi kí i. Ó dúró létí omi wa, bàtà dúdú tó ń dán lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń wo epo rọ̀bì tó bo gbòǹgbò igi ẹ̀gbà. Èmi gbé agbọ̀n mi dání. Ìsáwùrú inú rẹ̀ kò kún ọwọ́ méjì.

"Lọ́yà ilé-iṣẹ́ epo, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ wá wọn bí omi wa ṣe kú tó ni?"

Kò bínú. Ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó wọ inú ẹrẹ̀ wá bá mi.

"Abúlé kejì ni wọ́n bí mi sí," ó ní. "Ìyá mi náà máa ń ṣa ìsáwùrú níbí. Kí lorúkọ yín?"

"Sira."

Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀. Ọmọ Ogoni ni, ó mọ̀. Àkọ́bí obìnrin là ń pè ní Sira, a kì í sì í fi Sira fọ́kọ. Ilé bàbá rẹ̀ ni yóò gbé títí. Bó bá bímọ, bàbá rẹ̀ ló lọmọ.

Síbẹ̀, ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Ledum tún dé.

Ó ń dé bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Wọ́n sọ ọ́ di ọ̀gá níbi iṣẹ́, kò gbàgbé wa. Òun ló jà lọ́hùn-ún títí ilé ìwòsàn wa fi ní nọ́ọ̀sì, òun ló jà títí wọ́n fi ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí mo bá gbọ́ ìró mọ́tò rẹ̀, ọbẹ̀ á jóná lórí iná.

Níjọ́ kan ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi. "Bàbá, mo fẹ́ fi Sira ṣaya."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ledum, ṣé orí ẹ pé báyìí?" Ó wá kọjú sí omi. "Ó dáa. Ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ yín bá fọ omi yìí, tí mo tún fi àwọ̀n kó ẹja níbẹ̀, n ó pa àṣà tì, n ó fa Sira lé ọ lọ́wọ́."

"Bàbá, ẹ ti fún mi níyàwó nìyẹn."

Àbúrò bàbá mi, Barikui, yínmú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ń jẹun ilé-iṣẹ́ á ṣe bá ilé-iṣẹ́ jà? Ẹ máa ṣọ́ra o."

Ọdún méjì ni Ledum fi ṣe ìwé náà. Ilé-iṣẹ́ gbà pé àwọn yóò fọ omi wa. Bàbá mi ni olórí ẹbí tó ni ilẹ̀, òun ni yóò tẹ̀ka. Kò mọ̀wé. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà ni mo ń kà á fún un lédè wa.

Nígbà tí mo dé ìpínrọ̀ kẹsàn-án, ẹ̀rù bà mí. Ó ní bí a bá ti tẹ̀ka, a kò ní lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ lórí epo yìí mọ́ láéláé. Mo wo Ledum.

"Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ ni, ìfẹ́ mi," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Láìsí i, wọn ò ní fọwọ́ sí i. Wọ́n á fọ omi náà. Mo fi orí mi ṣe onídùúró."

Mo ti rán aṣọ ìyàwó. Mo fo ìpínrọ̀ náà, mo ka ìkẹwàá. Bàbá mi tẹ̀ka.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ ta kànga epo wa fún àwọn mìíràn, wọ́n kó lọ. Àwọn tó rà á ní omi fífọ̀ kò sí nínú ohun tí àwọn rà. A gba ilé ẹjọ́ lọ. Adájọ́ ní kí wọ́n ka ìpínrọ̀ kẹsàn-án, ògbufọ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa. Bàbá mi yí orí padà díẹ̀díẹ̀, ó wò mí. Adájọ́ da ẹjọ́ wa nù.

Ọ̀sẹ̀ náà ni Ledum fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní Sátidé ó fẹsẹ̀ rìn wá, ó ti rù hangogo.

"Bàbá, èmi ni mo kọ ìwé yẹn. Ẹ pa mí."

"Ta ló fẹ́ pa ọ́? Wọ́n tan ìwọ náà ni." Bàbá mí kanlẹ̀. "Mi ò ní rí ẹja nínú omi yẹn mọ́ kí n tó kú. Ẹ̀bi Sira kọ́. Mú un lọ."

Ohun tí mo ti ń fi ọdún márùn-ún bẹ Ọlọ́run nìyí, mi ò sì lè gbé ẹsẹ̀.

"Bàbá, mo fo ìpínrọ̀ kan. Mo rí i. Mo fò ó torí mo fẹ́ lọ́kọ."

"Mo mọ̀," bàbá mi ní. "Láti ilé ẹjọ́ ni mo ti mọ̀. Ledum, mú un lọ."

Ìyẹn ló pa mí. Ká ní ó nà mí ni, bóyá ǹ bá lọ.

Mo sin Ledum dé etí omi. "Sira mi, Bàbá ti yọ̀ǹda wa," ó ní.

"Wọ́n yọ̀ǹda mi, olówó orí mi. Àmọ́ ta ni yóò máa kàwé fún wọn?"

Ó sunkún, èmi náà sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó ṣan ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí epo tó bo omi, ó dìde, ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ lọ.

Sira ṣì ni mí. Ìwékíwèé tó bá wọ ilé wa, títí kan èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgò oògùn, mo ń kà á fún bàbá mi láti òkè délẹ̀. Nígbà mìíràn oorun á ti gbé e lọ. N ó kà á parí.