Ẹ̀yìn Páálí

Ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù oògùn pẹ̀lú ọ̀dà pupa lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó di ojú òsì pa, ó fọwọ́ méjèèjì di orí mú bí ẹni tó gbé ìkòkò tó ti sán. Orí àkàbà ló ti sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì títì, níbi tó ti ń kọ orúkọ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù kan.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, oògùn túúlu. Èyí tó wà nínú páálí aláwọ̀ wúrà."

Apòògùn gbé e sórí káńtà, ó gbé páálí funfun kan tì í. "Ọ̀kan náà ni wọ́n. Èyí lórúkọ ńlá, èyí ò ní. Ẹ yí wọn padà, kí ẹ ka ẹ̀yìn wọn."

"Èmi tí mò ń fi orúkọ jẹun? Aláwọ̀ wúrà ni mo fẹ́."

"Ọjọ́ mélòó lẹ ń lò ó lọ́sẹ̀?"

"Márùn-ún. Nígbà míì, mẹ́fà."

Apòògùn kó páálí méjèèjì kúrò lórí káńtà. "Mi ò tà mọ́."

"Kí ni mo ṣe?"

"Oògùn tí ẹ fi ń lé e lọ ló ń pè é padà. Aláwọ̀ wúrà o, funfun o, téèyàn bá ń lò ó léraléra báyìí, oògùn gan-an á di ẹ̀fọ́rí. Ẹ lọ rí dókítà, kó bá yín dá a dúró."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Mi-Ò-Tà!" Ó bínú jáde.

Àmọ́ ó lọ. Ohun kan náà ni dókítà sọ. Ó dá oògùn dúró, ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e sì le bí ojú ẹja. Nígbà tí apòògùn gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà kí i nílé iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án. Orí bẹ́ǹṣì ló máa ń bá a, aṣọ tútù lójú. Ọjọ́ tí orí bá fọ́ ọ, á fi ọ̀dà pupa sàmì kékeré kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn; ọjọ́ tí kò bá fọ́ ọ, funfun.

"Ó dà bíi pé èéyi mú ilẹ̀kùn rẹ."

"Má pa mí lẹ́rìn-ín, orí ń fọ́ mi."

Apòògùn ò sọ ọ̀rọ̀ dídùn kankan. Ó pààrọ̀ omi inú abọ́, ó fún aṣọ náà, ó gbé e padà sí i lójú. Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, funfun ti gba ilẹ̀kùn. Túúlu dé lẹ́ẹ̀kan, ọkùnrin náà lo hóró kan láti inú páálí funfun, túúlu sì lọ.

"Kò lórúkọ, ó sì mọ̀nà orí mi," ló wí. "Àǹtí Mi-Ò-Tà, mo fẹ́ máa rí ọ nígbà tórí ò fọ́ mi. Títí ayé."

"Lọ bá màmá mi."

Ìyá rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù. Ọmọkùnrin ẹni tó ń kó oògùn wá fún wọn ló ti yàn sọ́kàn fún un. "Ọkùnrin tó ń kọ orúkọ olórúkọ, tí òun alára ò lórúkọ? Ta ló mọ̀ ọ́n?"

Apòògùn kò sunkún. Ó gbé páálí méjèèjì síwájú ìyá rẹ̀. "Màmá, ta ló kọ́ mi kí n máa ka ẹ̀yìn páálí?"

"Èmi ni."

"Kí ló wà níwájú?"

"Orúkọ."

"Ẹ̀yìn ńkọ́?"

Ìyá yí páálí funfun padà. "Ohun tó ń ṣiṣẹ́."

"Mo ti ka ẹ̀yìn ọkùnrin yìí. Ó mọ̀ pé funfun ló ń dùn mọ́ mi nínú, síbẹ̀ kò fi funfun sàmì sí ọjọ́ pupa rí. Òun ni mo fẹ́."

Ìyá ti páálí méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Jẹ́ kó wá tún pátákó wa kọ."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ ọ́ nínú oòrùn. Àwọn lẹ́tà náà dúró ṣánṣán, àwọn tó ń kọjá ń dúró wò ó. Ìyá jáde, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó nàka sí igun kan.

"Ibí yìí ṣófo."

"Kí ni kí n kọ síbẹ̀, Mà?"

"Orúkọ rẹ. Ọkọ ọmọ mi ò gbọdọ̀ ṣe irú iṣẹ́ yìí kó má fọwọ́ sí i."

Ó gun àkàbà padà. Apòògùn di ẹsẹ̀ àkàbà mú nísàlẹ̀, ó gbé orí sókè bí ẹni tó ni títì.

"Rọra o, Ọlọ́dà mi."

"Orí ń yí mi."

"Oògùn ìyẹn wà lọ́wọ́ mi," ó ní, "àmọ́ mi ò tà á."